Ọmọ Onísùúrù Ló Yẹ Níbi Iṣẹ́ Yìí: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Occupational Therapy

Bí èsì ìdánwò bá ti jáde, ìbéèrè kan náà la máa ń gbọ́: "Ọmọ mi fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó ti dókítà. Kí ni kó ṣe?" Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ju nọ́ọ̀sì àti apòògùn lọ. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan tí a kì í sábà dárúkọ, occupational therapy, pàápàá iṣẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọjà kan tí àwọn ará wa tó ń gbé Accra mọ̀ dáadáa ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ọjà òkìrìkà ni Kantamanto. Àwọn ará Ghánà ń pe aṣọ ibẹ̀ ní obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Àwọn tó ń ṣèwádìí nínú ọjà náà fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 aṣọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ kan. Àwọn télọ̀ ń tú u, wọ́n ń tún un rán. Àwọn kan ń pa á láró, àwọn mìíràn ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin alábàárù ló ń ru bélì rẹ̀. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n: kaya ni ẹrù lédè Hausa, yei sì ni àwọn obìnrin lédè Ga. Bélì kan a máa tó kílò 55. Ọ̀nà inú ọjà há, ọmọlanke kò lè gba ibi púpọ̀ kọjá, nítorí náà orí ènìyàn ló ń gbé e. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́, ọrùn àti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀.

Wàyí o, ká ní àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu télọ̀ kan nínú ọjà yìí, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Dókítà ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Àwọn oníṣẹ́ physiotherapy ti ràn án lọ́wọ́ tó fi ń rìn. Báwo ni yóò ṣe wá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Báwo ni yóò ṣe wẹ̀, tí yóò wọ ẹ̀wù, tí yóò bu òkèlè? Ibí yìí ni iṣẹ́ occupational therapist ti bẹ̀rẹ̀.

Òun ni yóò yẹ ọkùnrin náà wò, tí yóò sì ṣètò ohun tí wọ́n máa ṣe. Olùrànlọ́wọ́ ló sábà máa ń jókòó tì í láti mú ètò náà ṣẹ. Yóò tú iṣẹ́ ìránṣọ palẹ̀ sí ìgbésẹ̀ kéékèèké: dídi aṣọ mú, fífi òwú sójú abẹ́rẹ́, títẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, fífi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. Níbo gan-an ló ti ń ṣòro? Bó bá jẹ́ òwú ni kò wọlé, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ gígé ni, wọ́n lè fi nǹkan wúwo tẹ aṣọ mọ́ tábìlì kí ọwọ́ kan lè gé e. Olùrànlọ́wọ́ á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á sì jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá ètò náà yí padà.

Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ènìyàn dúró láìgba nǹkan náà ṣe. Nílé wa, bí bàbá bá ní àrùn yìí, ìfẹ́ ló máa ń mú wa gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ká máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nígbà tó bá yá, ọwọ́ tí ìbá tún kọ́ oúnjẹ jíjẹ á ti di ọ̀lẹ. Olùrànlọ́wọ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́ ìdílé láti fara dà á, bí bàbá bá tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú 40 jẹ àmàlà rẹ̀.

Iṣẹ́ kò sì ṣàjèjì sí ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú.

Níbo ni ọmọ ti lè kọ́ ọ? Ní 2012 ni Yunifásítì Ghánà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọlọ́dún mẹ́rin nínú iṣẹ́ yìí ní Korle Bu, tí kò jìnnà sí Kantamanto. Àwọn àkọ́kọ́ jáde ní 2016. Àjọ Allied Health Professions Council ló ń bójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Federal School of Occupational Therapy wà ní Òṣòdì, l'Ékòó. Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, olùrànlọ́wọ́ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lo nǹkan bí ọdún 2 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 16 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́ gan-an. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò NBCOT àti ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnìkan bá ń ta kọ́ọ̀sì oṣù 3 orí fóònù fún yín, tó ní yóò gbé ọmọ yín dé ilé ìwòsàn l'Amẹ́ríkà, ẹ bi í: àjọ wo ló fọwọ́ sí i? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ máa lò lọ́dọ̀ aláìsàn? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má ṣe sanwó. Ẹ sì mọ̀ pé olùrànlọ́wọ́ tó bá fẹ́ di therapist l'Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ padà sílé ìwé gba oyè mástà, ó kéré tán.

Iṣẹ́ yìí kò lè ṣe ohun gbogbo. A lè kọ́ alábàárù tí ọrùn ń dùn bí yóò ṣe dìde pẹ̀lú ẹrù. Síbẹ̀ kílò 55 ò ní torí ìyẹn fúyẹ́. Oníṣẹ́ tó lójú inú á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni bélì bóyá a lè pín in sí méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí bá ọmọ yín mu, ẹ ní kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nínú gígán bọ́tìnì kan mọ́ aṣọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó jókòó ti àbúrò rẹ̀ tí kò gán an rí, kó máa fẹnu nìkan tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá lè ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra títí bọ́tìnì náà yóò fi dúró, ẹ mú un lọ bá àwọn oníṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.