ỌMỌ WA KÌ Í ṢE ỌJÀ FÚN ONÍSÌGÁ

Ẹ̀yin ará wa ní Festac, ẹ̀yin ará Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àgbójú, Àlákijà àti Máìlì Tú, ẹ fetí sílẹ̀ o!

Ẹ bọ́ síta nígbà tí iléèwé bá jáde. Ẹ wo ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ẹ ó rí ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tó na owó sí ọlọ́jà, tó gba sìgá ẹyọ kan, tó sì ṣáná sí i. Èéṣe tó fi jẹ́ ẹyọ kan? Nítorí pé owó páàkì kò sí lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹyọ kan yìí ni wọ́n fi ń kó wọn wọnú bárakú.

Ṣebí òfin wà? Òfin wà kẹ̀! Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tábà. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì tú páàkì tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ara yín: ẹ ti rí ẹni tí wọ́n mú rí?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó orí, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọdé kò gba owó oṣù. Owó oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fún un ló fi ń ra sìgá. Bí sìgá bá wọ́n, òun ni yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀: ní ilẹ̀ bíi tiwa, bí owó sìgá bá fi ìdá 10 nínú 100 lé, sìgá tí wọ́n ń mu yóò fi nǹkan bí ìdá 5 dín; ti àwọn ọ̀dọ́ a máa dín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi owó orí kún sìgá ní 1994. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, sìgá tí wọ́n ń mu fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wálẹ̀, owó tó wọ àpò ìjọba sì tún pọ̀ sí i.

Kí nìjọba tiwa ṣe? Ní 2018, wọ́n fi náírà 1 lé ẹyọ kan. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2022 gbé e dé náírà 5.20 ní 2024, pẹ̀lú ìdá 30 nínú 100 iye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àbújá ni olú-iléeṣẹ́ ECOWAS wà, ECOWAS sì ti pàṣẹ láti 2017 pé kó jẹ́ ìdá 50, àti sẹ́ǹtì 2 ti Amẹ́ríkà lórí ẹyọ kan. Nígbà tí dọ́là kan tó nǹkan bí náírà 1,500 ní 2024, náírà 30 nìyẹn. Tiwa kò tó ìdá kan nínú márùn-ún! Gààrí ń gòkè, owó ọkọ̀ ń gòkè. Owó orí tó bá dúró sójú kan, ó ń dín kù ni.

Wọ́n á ní fàyàwọ́ yóò gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ẹ wo irọ́! Àwọn aṣọ́bodè tó ń tú àpò ìrẹsì àwọn ìyá wa lójú ọ̀nà Badagry, ṣé ojú wọn kò lè rí páálí sìgá ni? Wọ́n á tún ní iléeṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn ń fún èèyàn níṣẹ́. Iléeṣẹ́ BAT yìí kan náà ni àjọ FCCPC kéde ní Oṣù Kejìlá 2023 pé yóò san mílíọ̀nù 110 dọ́là owó ìtanràn. Iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa kọ́ ni a ó fi san án.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè nìyí. Kí owó orí sìgá máa bá ọjà gòkè lọ́dọọdún títí yóò fi dé iye tí ECOWAS wí. Kí títa ẹyọ kọ̀ọ̀kan dópin. Kí owó náà dé ilé ìwòsàn wa, kí aráàlú sì rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Òótọ́ ni, káńsù kọ́ ló ń bu owó orí yìí, Àbújá ni. Ta ló ń rán aṣòfin lọ sí Àbújá? Ẹ̀yin ni! Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí aṣojú yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè: “Kí lo sọ nílé ìgbìmọ̀ lórí sìgá?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ẹ jáde, ẹ dìbò, ẹ dúró ti ìbò yín!