Ẹ̀bùn Tí Ọmọdé Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dì

Ní ọdún tó kọjá, mọ́tò oníke ni mo rà fún àwọn ọmọ mi nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Kí ọdún tuntun tó wọlé, ó ti fọ́. Lọ́dún yìí tí owó kò tó, mo ní kí àwọn gan-an fúnni lẹ́bùn: a ṣe adìrẹ fún ìyá mi.

Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí a ti ń ṣe é: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ wá aṣọ funfun olówùú, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ara rẹ̀ jáde. Kí ọmọ fi hóró àgbàdo sínú aṣọ, kí ó fi ìko tàbí òwú dì í pinpin. Ibi tí okùn bá mú ni yóò di òrùka funfun. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ìkòkò aró, nítorí sódà inú rẹ̀ a máa bó ni lára. Ọ̀dọ̀ aláró ni mo gbé tiwa lọ.

Nígbà tí ó gbẹ, a kò tú u. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó ń tú kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì rọ̀gbà yí i ká. Òrùka kan kò yọ. Àbíkẹ́yìn mi ni kò dì í le. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ kún fún omijé.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, bí tèmi àkọ́kọ́ ti rí náà nìyẹn. Mú okùn wá."

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ rí pé ó ti dì adìrẹ.