Obìnrin Tí Ọkọ Ń Lù: Mọ́sáláṣí Ni Kó Kọ́kọ́ Lọ, Tàbí Ọ̀dọ̀ Ìjọba?

Bí obìnrin Mùsùlùmí kan ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó, bá sọ fún ọ pé ọkọ òun ń lu òun, ibo lo máa ní kó lọ? Àwọn kan á ní kó padà sọ́dọ̀ lémọ́ọ̀mù tó so yìgì wọn. Àwọn mìíràn á ní téṣàn ọlọ́pàá ló kàn. Ire obìnrin náà ni tọ̀tún-tòsì ń wá, nítorí náà kò yẹ ká fi ìwàǹwára dá ẹjọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fara mọ́ mọ́sáláṣí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin asálátù, ìyàwó ilé lè ká apá aṣọ sókè, kó fi ibi tó wú han àlháájà tó jókòó tì í. Ní téṣàn, ó lè jẹ́ iwájú àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ni yóò ti rò ó. Yàtọ̀ sí èyí, bí ó bá ń bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá tí òun bá kúrò nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ ààfáà tó mọ ẹ̀sìn ló lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìkan ni lémọ́ọ̀mù lè fún ọkọ. Kò lágbára láti lé e jáde. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ìwà ipá nínú ilé lọ́dún 2007 fún kóòtù ní agbára láti pàṣẹ kí ọkùnrin náà má ṣe sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2021 ni òfin sì ti sọ DSVA (Domestic and Sexual Violence Agency) di àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀ràn kan kò tilẹ̀ lè dúró de ìpàdé ìlàjà ní mọ́sáláṣí. Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, láàárín wákàtí 72 ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV. Ibùdó Mirabel, tó wà ní ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló fẹ́ kí lílù dópin láìfẹ́ kí ìgbéyàwó dópin. Kóòtù ìbílẹ̀ Ìgàndò lè tú ìgbéyàwó ká fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ bá jẹ́ ẹni tó ń san owó ilé, onílé kò ní torí ìyẹn má béèrè owó rẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ìlàjà tí mọ́sáláṣí ń ṣe náà ní ìlànà tirẹ̀. Súrátù Nísáì, áyà 35, ní kí onílàjà kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ, kí òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó. Ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ṣí wá ni. Ẹbí ìyàwó lè wà ní Ìwó, Ìlọrin tàbí Kútọnu. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń kírun pẹ̀lú ọkọ nìkan ló jókòó, tí wọ́n sì ní kí ìyàwó mú sùúrù, ìlàjà yẹn kò pé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Lẹ́yìn tí mo ti gbé méjèèjì yẹ̀ wò, ibi tí mo dúró sí rèé. Kí ìdílé wà tàbí kó tú ká, a lè làjà lórí ìyẹn. Lílù kò sí lára ohun tí à ń làjà lé lórí. Bí obìnrin náà bá ti fara pa, tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ọsibítù àti ìjọba ni kó kọ́kọ́ lọ, kí àlháájà sì bá a lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ìlàjà, kí ẹnìkan láti inú ẹbí tirẹ̀ wà níjòókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan lé e pé kó fa ẹjọ́ tó ti fi sùn padà. Ìwọ tí ó sọ fún, béèrè ohun tó fẹ́ kí o tó júwe ọ̀nà, kí o sì bá a dé ibẹ̀.