Àwọ̀n Ẹ̀fọn àti Iná Inú Iṣan

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa láti Kraké títí dé Àjàṣẹ́, ẹ wo àwọ̀n ẹ̀fọn orí ibùsùn yín. Oògùn pyrethroid tí wọ́n fi rẹ ẹ́, iná mànàmáná inú iṣan ẹ̀fọn ló ń dà rú.

Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, pọ̀ ní ìta awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan. Pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú. Bí iṣẹ́ bá dé, àwọn ẹnu-ọ̀nà tíntìntín á ṣí lára awọ náà, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, ẹnu-ọ̀nà á padé kíá, pòtásíọ̀mù á sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni iná náà ṣe ń sáré lọ lórí iṣan, lára tiwa náà. Pyrethroid kì í jẹ́ kí ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù padé. Ẹ̀fọn á gbọ̀n, á ṣubú, á kú.

Àmọ́ ẹnu-ọ̀nà yẹn ti yí padà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn wa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 fi hàn pé àwọ̀n olóògùn pa ẹ̀fọn 98 nínú 100 ní Malanville. Ní Ladji, ní Kútọnu, 30 péré ni. Ó bani lẹ́rù.

Ní agbègbè Cové, wọ́n wá dán àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn méjì rẹ wò, pyrethroid àti chlorfenapyr. Chlorfenapyr, ìkejì wọn, kì í bá iṣan jà rárá. Agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ ló ń gbà. Láàárín ọdún méjì, ibà àwọn ọmọdé fi ìdá 46 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń lo àwọ̀n àtijọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí irú àwọ̀n yìí kárí gbogbo ilé ní ẹnubodè wa.