Ní Ti Egungun Ọkọ̀ Tí Ìjàmbá Bá Ṣẹ́

Bí a bá fẹ́ ra aṣọ ní ọjà, a ó nà án sí oòrùn, a ó yí inú rẹ̀ sí ìta, a ó sì wo etí rẹ̀ bóyá ó ti ya rí. Bí ó bá ṣe ewúrẹ́ ni a fẹ́ rà, a ó ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, a ó sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ó kó aya àti ọmọ sí, tí a ó sì máa gbé sáré ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, dídán rẹ̀ nìkan ni a ń wò. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń kọ mọ̀nà, tí ìjókòó rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, a ti sanwó. Àwa kò yọ ara wa sílẹ̀ nínú ẹ̀bi yìí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà, a ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí, kí ó lè di mímọ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni a gbé wá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó. Ọkọ̀ náà dára lójú, ẹ̀rọ rẹ̀ kò wúkọ́, ẹni tí ó tà á fún wa sì búra pé ìyá arúgbó kan ní òkè òkun ni ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi nìkan. (A ti wá ṣe àkíyèsí láti ìgbà náà pé àwọn ìyá arúgbó wọ̀nyí pọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ wọn kì í sì í tán.) Kò pé oṣù mẹ́ta tí táyà iwájú ní ọwọ́ òsì fi jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan. A ra òmíràn, òun náà jẹ. A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó tọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì gba owó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ wa tí ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa sọ fún wa pé ọkọ̀ wa ń rìn bí akàn: imú rẹ̀ kọ sí ibì kan, ìdí rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Nígbà tí àgbà pánẹ́ẹ̀bítà kan bá wa gbé e sókè, tí ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà dúdú tí a kùn sí abẹ́ rẹ̀, ojú wẹ́dà gbọọrọ kan ni a rí, tí ó la abẹ́ ọkọ̀ náà já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Iwájú ọkọ̀ kan ni a gé, tí a jó mọ́ ẹ̀yìn òmíràn. Ọkọ̀ méjì ni a ti ń gùn láìmọ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìgbà bọ́lẹ̀kájà yóò rántí bí a ti ń kan ọkọ̀ ní ayé ìgbà náà. Ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ àti irin gígùn méjì tí a ń pè ní ṣaṣí ni ó ń ti Ìlú Òyìnbó wá. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ilé lé e lórí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọlu igi, pákó a fọ́, káfíńtà a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ṣaṣí bá sì tẹ̀, alágbẹ̀dẹ a fi iná sí i, a lù ú, a sì tọ́ ọ, nítorí irin tí ó nípọn tí kò sì le jù ni. Títí di òní, ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá, Hilux àti Land Cruiser ṣì ń gun orí ṣaṣí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Lancia ti ṣe Lambda rẹ̀ jáde ní ọdún 1922, tí Citroën sì tẹ̀lé e pẹ̀lú tirẹ̀ ní ọdún 1934, ni àwọn òyìnbó ti ń kọ́ oríṣi kejì, èyí tí kò ní ṣaṣí lọ́tọ̀ rárá. Corolla àti Camry tí ó kún ìgboro wa, oríṣi yìí ni wọ́n. Ilẹ̀ rẹ̀, òpó rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti irin iwájú rẹ̀, awẹ́ irin pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn, tí a ká, tí a sì fi iná mànàmáná jó pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú kéékèèké. Ẹ wo igbá: kò ní egungun nínú, èèpo rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀. Bí ó bá sán ní ibì kan, kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ó ti bàjẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ní ọdún 1951 ni Béla Barényi, òṣìṣẹ́ Daimler-Benz ní Jámánì, fi ìwé bèèrè ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ kan tí ó dàbí àṣìṣe létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ: pé kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó lè rún nígbà ìjàmbá, kí àárín tí ènìyàn jókòó sí sì dúró gbọn-in. Ní ọdún 1959 ni Mercedes gbé ọkọ̀ tí a fi ìmọ̀ yìí ṣe jáde. Iwájú tí ó rún ni ó ń jẹ agbára ìkọlù náà kí ó tó dé àyà awakọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ta àpò afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú ń fi bí ọkọ̀ ti ń dúró lójijì mọ ìgbà tí yóò ta á. Ǹjẹ́ ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le? Pánẹ́ẹ̀bítà olóòótọ́ kan lè rí irin iwájú tí ó ti ká, kí ó gé e, kí ó jó irin nínínípọn mọ́ ọn, kí ó sì sọ fún oníbàárà rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó rún kò ní rún mọ́, ẹrù ìkọlù tí ń bọ̀ yóò sì kọjá sára ẹni tí ó jókòó.

Bí ó ti yẹ kí a ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ṣókùnkùn. Ìwọ̀n ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé bí ihò kan nínú ilẹ̀ ọkọ̀ ti jìnnà sí èkejì tó, àti bí ó ti ga tó; bí a bá wọn ọ̀ṣọ́ọ́rọ̀ láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i, tí a sì wọn èkejì, tí àwọn méjèèjì kò dọ́gba, egungun ti yẹ̀. Mìlímítà mẹ́ta ni àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ náà ń fàyè gbà, èyí tí ojú lásán kò lè mọ̀. A ó wá de ọkọ̀ náà mọ́ orí tábìlì irin ńlá, a ó fi ẹ̀wọ̀n àti jáàkì alágbára fà á díẹ̀díẹ̀, a ó máa wọ̀n ọ́n bí a ti ń fà á, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó tẹ̀ gbẹ̀yìn padà sí èyí tí ó kọ́kọ́ tẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ohun tí ó tẹ̀ ni a lè nà. Ohun tí ó ti ká kọrọdọ, pípààrọ̀ ni. Ní ti iná gáàsì, ẹ ṣọ́ra fún un. Irin òpó àárín àwọn ọkọ̀ ìgbà tí a wà yìí, a ti sè é, a sì ti rì í sínú òtútù ní ilé iṣẹ́ kí ó lè le koko. Ẹni tí ó bá fi iná mú un pọ́n kí ó lè rọrùn fún un láti tọ́, ó ti sọ ọ́ di irin lásán, bí ó tilẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá.

Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wa ńkọ́? Ara igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni a ń so ọkọ̀ mọ́, tí a ó fi ẹ̀wọ̀n fà á, tí ọ̀gá yóò sì dijú kan láti wò ó bóyá ó ti tọ́. Àwa kò kẹ́gàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí. A ti rí ẹni tí ó fi òòlù àti igi kékeré lásán na ìlẹ̀kùn tí ó ti rún bí ìwé, tí ó fi jọ́lọ̀ bí ti tuntun, ọ̀gbẹ́ni òyìnbó tí kò mọ̀ ju kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ yóò sì ya ẹnu bí ó bá rí i. Ṣùgbọ́n awọ ọkọ̀ ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe egungun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìlajú ni ó fa gbogbo èyí. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, yìnyín ba òrùlé ọkọ̀ Honda Fit kan jẹ́, irú ti ọdún 2010. Ilé ìtúnṣe kan tí ó ní gbogbo irinṣẹ́ pààrọ̀ òrùlé náà, ṣùgbọ́n àtè ni ó fi lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé Honda wí pé kí a fi iná jó o mọ́lẹ̀. Tọkọtaya kan ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn. Ní ọdún 2013 ni ọkọ̀ mìíràn gbá wọn, òrùlé ṣí kúrò lára òpó, ilé ọkọ̀ fún mọ́ wọn, iná sọ, awakọ̀ há sínú rẹ̀. Wọ́n yè é, pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ní ọdún 2017 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Dallas dá ilé ìtúnṣe náà lẹ́bi, iye tí ó sì kàn án lé ní 31 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀dà òrùlé náà dára púpọ̀ ní ọjọ́ tí a tà á.

Lójú tiwa, kì í ṣe pánẹ́ẹ̀bítà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọlọ́kọ̀ ni. Òun ni yóò dé ìsọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí yóò ná owó iṣẹ́ títí yóò fi já sí ìdá mẹ́ta, tí yóò sì wí pé òun fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí òde ìyàwó ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ wọn mìlímítà? Ẹnì kejì ni oníṣòwò. Ní Amẹ́ríkà, bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti sọ pé ọkọ̀ kan kò yẹ ní títúnṣe mọ́, a máa ń kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni a ń rà ní gbàǹjo, tí wọ́n ń gba Cotonou tàbí Tin Can wọlé, tí ìwé wọn sì ń sọnù sínú òkun. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣaṣí kò sọnù. Láti ọdún 1981 ni ó ti jẹ́ àmì 17 lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì wádìí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí ìjàmbá ọkọ̀ náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán. Àwọn oníṣòwò wa mọ èyí dáadáa. Nítorí náà ni a fi ń wí pé kí olúkúlùkù tí ń ta ọkọ̀ kọ ọ́ sínú rìsíìtì bóyá a ti gé egungun rẹ̀ rí tàbí a kò gé e, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí olùrà lè ní ohun tí yóò gbé lọ sí kóòtù.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Iná, táyà àti ohun ìpaná ni a sábà máa ń bèèrè, bí ẹni pé àwọn ni ó ń gbé ọkọ̀ ró. Ní ti ẹgbẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà, tábìlì irin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá agbára ọ̀gá kan ṣoṣo, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń dá èésú fún ìnáwó òkú àti ìkómọ lè dá èésú fún un, ọ̀kan ní ìlú kan, kí ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ egungun máa sanwó lò ó. A sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ láti lé oníbàárà padà. Ọkọ̀ tí ó ti kú, kí a jẹ́ kí ó kú. Ẹ̀rọ rẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀ yóò rí ẹni rà wọ́n ní Ládìípọ̀.

Ní ti ọkọ̀ tiwa, àwọn ará ilé gbà wá nímọ̀ràn kí a kùn ún ní ọ̀dà titun kí a sì tà á padà, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a má gbàgbé ìyá arúgbó náà. A tú u palẹ̀. A ta ẹ̀rọ, a ta ẹsẹ̀, a sì ní kí a fi ẹ̀rọ ìgérin gé egungun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè jó o pọ̀ mọ́. Owó tí a rí níbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta èyí tí a fi rà á. Bí a ti ń gé e lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ náà, ó fẹ́ mọ iye tí a ó gbà kí a dáwọ́ dúró, ó ní òun mọ wẹ́dà kan tí ó lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.