Ọkọ̀ Tó Tuni Lára Ló Yẹ Òṣìṣẹ́, Kì í Ṣe Ọkọ̀ Asáré

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ bá ti rí owó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ asáré tó ní tọ́bò ni ojú wọn ń wá. Àwọn kan tó ti ra irú rẹ̀ ti ń tà á, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé ń wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti darúgbó. Èrò tèmi ni pé àwọn tó pààrọ̀ ọkọ̀ ló gbọ́n.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà mọ tọ́bò dáadáa. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi máa ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Abẹ̀bẹ̀ náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Bí ọ́ìlì bá ti dọ̀tí, tàbí tí awakọ̀ bá sáré dé tó sì pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì á jóná mọ́ ọn lára, tọ́bò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. N kò sọ pé gbogbo tọ́bò ló burú. Lára tírélà, ẹrù ló ń fà. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké òde òní náà wà tí tọ́bò ń bá wọn dín epo kù. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ asáré, kí ló ń fà bí kò ṣe fáàrí?

Níbo la fẹ́ sá eré náà sí? Òfin ojú pópó ní kí ọkọ̀ má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kọjá mọ̀ pé kòtò, ọlọ́kadà àti ọmọ ilé ìwé kì í jẹ́ kí èèyàn lo agbára tó fi owó rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní ọjọ́ 29 oṣù May, ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní oṣù July ọdún náà, lítà kan ti kọjá 600 náírà. Nígbà tó di oṣù October 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibùdó epo. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n sọ di òfin ní oṣù July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Nígbà náà, owó oṣù odindi kan kò ra 70 lítà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀!

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí lókè òkun. Ní ọdún 1973 ni BMW gbé ọkọ̀ 2002 Turbo jáde, ọdún náà gan-an ni epo wọ́n gógó lágbàáyé. 1,672 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1975, Peugeot 504, ọkọ̀ ìdílé tí kò ní tọ́bò, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ rọ̀, tí kò ga jù tí kò sì wọlẹ̀, tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tún ṣe. Lónìí, Toyota Corolla àti irú rẹ̀ ló gba ipò yẹn.

Àwọn kan á béèrè pé, ṣé ohun dáradára kò yẹ òṣìṣẹ́ ni? Ó yẹ ẹ́! Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ, ìjókòó tó tu ẹ̀yìn lára ló yẹ ẹ́, àti bùútù tó gba iṣu àti ẹrù ìyàwó.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Òṣìṣẹ́ tí gbèsè ọkọ̀ wọ̀ lọ́rùn kò lè dúró gbọn-in nígbà ìyanṣẹ́lódì. Bí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé oṣù kan péré lè kó o sí wàhálà, ó ti borí rẹ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ọkọ̀ ẹnì kan lè tú ìṣọ̀kan ọgọ́rùn-ún èèyàn ká.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa má ṣe yọ owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí mẹkáníìkì tí a jọ fọkàn tán yóò fi yẹ ọkọ̀ náà wò, kí a sì rí i pé owó tí yóò máa san lóṣù kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Kí yẹ̀yẹ́ náà sì dópin. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò kí a tó pàdé ní ìpàdé ẹ̀ka. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ kì í ṣe ìrìn ọ̀lẹ. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!