Nígbà Tí Orúkọ Bá Di Àmì Ìbéèrè

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ní àkókò yìí tí àkọsílẹ̀ ń kúrò nínú fáìlì àtijọ́ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí gbogbo ará ìpínlẹ̀ wa mọ ohun tó lè já ìjánu náà.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń fi pamọ́ dípò wọn. Ìlànà ASCII tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ní àyè fún àmì 128 péré. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn. Latin-1 tó tẹ̀lé e gba é àti à, ṣùgbọ́n kò gba àmì ìsàlẹ̀ tiwa. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ló wá fi àyè gba gbogbo wọn.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yí àkọsílẹ̀ láti ìlànà kan sí òmíràn. Èkíní ni kí a fi ìlànà tó yàtọ̀ kà á. Bí a bá fi Windows-1252 ka lẹ́tà ẹ tí a fi UTF-8 kọ, "áº¹" ni yóò hàn. Omi ló dànù, agbè kò fọ́: bí a bá fi ìlànà tó tọ́ ka fáìlì náà, lẹ́tà yóò padà. Èkejì ló burú jù. Bí a bá ti Ṣọlá sínú Latin-1, ó lè di "??lá". Bí a bá fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, agbè fọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó kù nínú fáìlì náà tí yóò sọ lẹ́tà tó sọnù.

Àwọn kan ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ọ̀kan náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀rí kan kò bá sì bá èkejì mu ni yóò máa sáré ìwé ìbúra kóòtù kiri.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tó yí fáìlì padà, kí ó wádìí ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, kí ó tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́, kí ó lo UTF-8, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ dúró níbi tí àmì àìtọ́ bá ti yọjú, dípò kí ẹ̀rọ fò ó dákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ka orúkọ yín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí àmì ìbéèrè bá wà níbẹ̀, ẹ tètè sọ, nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀.